Ogójì Lẹ́tà Péré

Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Òjò láti ìdájí. Bàtà mi rin gbingbin kí n tó dé ibi iṣẹ́. Mo bá Ìyá Wọ́ọ̀dù lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà wa, wọ́n káwọ́ lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì àgbà kì í dédé fi wọ́ọ̀dù rẹ̀ sílẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀ kó wá kí èèyàn. Wọn ò tilẹ̀ dáhùn ẹ kú àárọ̀ mi. Wọ́n na bébà kan sí mi.

"Kà á sókè."

Mo kà á. Àwọn oògùn tí ara ọkùnrin kan ní wọ́ọ̀dù wọn kọ̀ ni: mẹ́ta pé, ẹ̀kẹrin gé láàárín, lẹ́tà mẹ́fà péré ló kù nínú rẹ̀.

"Kí ni ẹ̀kẹrin yìí?" ni mo béèrè.

"Ohun tí mo wá bi ọ́ nìyẹn. Ṣé ìwọ kọ́ lò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ni? Ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó ọkùnrin náà tó ké gbàjarè nígbà tó rí oògùn lọ́wọ́ wa. Díẹ̀ báyìí ló kù ká fi ọwọ́ ara wa pa èèyàn."

Mo ṣí tábìlì àwọn aláìsàn. Kọ́lọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ oògùn tí ara kọ̀ sí kò gbà ju ogójì lẹ́tà lọ, àlàfo àti kọ́mà wà nínú rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá tẹ èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ kì í kígbe, kì í kọ̀. Ṣe ló máa ń gé ìyókù dànù bí ẹni ń gé èékánná. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń tọ́jú tábìlì yìí, mi ò sì mọ̀. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ nínú ìwé ara mi, ìbéèrè kan ló gbà mí lọ́kàn ju ìtìjú lọ: kí ló dé tó fi jẹ́ ogójì? Ta ló jókòó, tó ronú, tó ní ogójì ti tó?

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún Màmá níbí. Mo sáré wo ìlà tiwọn. Oògùn mẹ́ta, gbogbo wọn pé, àmì àròpọ̀ kan ní ìparí. Lẹ́tà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Kò dé ogójì. Ọkàn mi balẹ̀, mo gbà pé ọwọ́ ẹnì kan ló ṣèèṣì tẹ àmì yẹn.

Ìṣẹ́gun, 4

Ọ̀gá mi ní, "Ṣebí kó o fẹ̀ ẹ́ ni. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún."

Mo ní iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá pààrọ̀ agbè kékeré sí ńlá, omi tó ti dà sílẹ̀ ò ní tìtorí ẹ̀ padà sínú ẹ̀. Mo ti ka àwọn ìlà tó kún dé ogójì gẹ́lẹ́. Wọ́n jẹ́ 612. Òmíràn nínú wọn lè pé, òmíràn ti gé, ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀. A máa ní láti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.

"Bẹ̀rẹ̀," ni Ọ̀gá wí.

Nídìí oúnjẹ alẹ́ mo sọ ọ́ fún Màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ojú tó ń dùn wọ́n náà. "Ogójì lẹ́tà? Ìyẹn ò tó mi í kí aládùúgbò." Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀: "Lọ́jọ́ tí mo bí ọ, òjò ńlá kan..."

"Màmá, mo ti gbọ́ ìyẹn."

"O ò gbọ́ ọ parí rí."

"Màmá mi, ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n." Wọ́n kó àwo nílẹ̀.

Ẹtì, 7

Mo ti ṣe ẹ̀dà tábìlì náà kan tí mo lè bà jẹ́ bó ṣe wù mí. Ohun tí mo rí lónìí, mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Mo fẹ kọ́lọ́ọ̀mù náà láti 40 sí 100: kí n tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Mo fẹ̀ ẹ́ sí 200: bákan náà. 255: bákan náà. Mo wá fi ẹyọ kan ṣoṣo lé e, 256, ẹ̀rọ bá dákẹ́. Mo dúró. Mo lọ mu omi, mo dé, ó ṣì dákẹ́. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì ló gbà.

Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, èsì kan náà. Kí ni lẹ́tà kan ṣoṣo ṣe fún ẹ̀rọ tó fi ń ṣe bí ẹni tí wọ́n ní kó wó ilé, kó tún un kọ́? Mi ò jẹun ọ̀sán, mi ò sì rántí pé mi ò jẹ ẹ́.

Àbámẹ́ta, 8

Mo ti mọ̀ ọ́n! Orí ibùsùn ni mo wà tó yé mi. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó wà nínú kọ́lọ́ọ̀mù yẹn ló ní àpótí kékeré kan níwájú ẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kọ iye lẹ́tà ọ̀rọ̀ náà sí. Nọ́ńbà tó tóbi jù tí àpótí kan lè gbà ni 255. Bó o bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀, àpótí gbọ́dọ̀ di méjì, kò sì sí àyè fún ìkejì níbi tí ọ̀rọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ á wá máa kó gbogbo aláìsàn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì máa tún wọn tò. Wọ́n sì lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin.

Inú mi dùn débi pé mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù láago méje àárọ̀, mo ṣàlàyé ẹ̀ látòkè délẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Ọjọ́rú, 12

Mo lọ sọ́dọ̀ Baba Ẹ̀rọ, àwọn ló dá tábìlì náà sílẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Owó ọkọ̀ ti tún fò sókè, kọ́ńdọ́ ò sì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo bá Baba lẹ́yìn ilé, wọ́n ń tún alùpùpù kan ṣe, òróró dé ìgbọ̀nwọ́ wọn.

Kí n tó gbọ́ ohun tí mo bá wá, mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn orúnkún wọn, mo gbọ́ ti ìyàwó ọmọ wọn tí kò mọ alùpùpù í gùn tó sì ń gùn ún. Mo ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Níkẹyìn wọ́n wọlé, wọ́n gbé káàdì àtijọ́ kan jáde, èyí tí ilé ìwòsàn ń lò nígbà náà, wọ́n fi ìka tọ ìlà kan lórí ẹ̀.

"Kà á."

Mo kà á. Ogójì lẹ́tà gẹ́lẹ́ ni ìlà náà gbà.

"Ẹ̀rọ tó ń tẹ káàdì nígbà yẹn, ogójì ló lè tẹ̀ lórí ìlà kan. Bó bá lé ẹyọ kan, orí irin ló máa tẹ̀ ẹ́ sí, abẹ́rẹ́ ẹ̀ á sì kán. Mo pààrọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ni mo bá fi ogójì há a mọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọlé."

"Níbo ni ẹ̀rọ náà wà báyìí, Baba?"

"Ẹ̀rọ wo? Ó ti kú. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún."

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ẹ̀rọ ti kú, a sì ń pa òfin ẹ̀ mọ́! Baba ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ohun tó wà nílẹ̀ la fi ń wọn nǹkan. Ìwọ náà máa fi nọ́ńbà kan sílẹ̀ tí ẹlòmíràn máa fi ọ́ rẹ́rìn-ín." Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀: "Àwọn nọ́ọ̀sì ìgbà náà, wọ́n dá ọgbọ́n kan sí i..." Ọkọ̀ tó ń padà ti ń fọn fèrè. Mo dọ̀bálẹ̀ kíákíá, mo sáré jáde.

Ẹtì, 14

Òjò. Mo ti pe ọgọ́sàn-án nínú àwọn 612. Ohùn mi ti ha.

Ajé, 17

Ìpàdé. Ọ̀gá, Ìyá Wọ́ọ̀dù, èmi. Ọ̀gá fara mọ́ 255, nítorí ìṣẹ́jú akàn ni. Ìyá Wọ́ọ̀dù ò gbà. "Orúkọ oògùn nìkan ò tó mi," ni wọ́n wí. "Ẹnì kan, oògùn yẹn mú ara ẹ̀ yún. Ẹlòmíràn, oògùn kan náà gba èémí lẹ́nu ẹ̀. Ibo la máa kọ ìyẹn sí?" Mo gbè wọ́n lẹ́yìn, mo ní 500. Ọ̀gá ní báwo ni ilé ìwòsàn ṣe máa wà fún ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì tí kò ní lè kọ nǹkan kan sínú tábìlì. A fẹnu kò sí Àìkú tó ń bọ̀, láago méjì ọ̀sán, nígbà tí àwọn tó ń wá rí dókítà lásán kì í sí níbẹ̀. Wọ́ọ̀dù máa kọ tiwọn sórí bébà. Mo tún rí i pé ojú ìwé àwọn apoògùn náà ń gé ọ̀rọ̀ ní ogójì, ìyẹn náà gbọ́dọ̀ fẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a kàn fẹ yàrá tí a ò fẹ ẹnu ọ̀nà ni.

A ti ń dìde lọ kí n tó rántí nǹkan kan tó ń yọ mí lẹ́nu láti ìgbà tí mo ti ń ka àwọn ìlà yẹn. Mo ní, "Ìyá Wọ́ọ̀dù, ta ló máa ń fi àmì àròpọ̀ sí ìparí ọ̀rọ̀?"

Wọ́n tún jókòó.

"Àwa ni. Àwa àtijọ́. Bá a bá rí i pé orúkọ tó kàn ò ní gba ibẹ̀, a ò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ gé e sí wẹ́wẹ́, a máa fi àmì yẹn sí i. Ó túmọ̀ sí pé ó ṣì kù, lọ wo káàdì. Ṣebí àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí."

"Àwọn nọ́ọ̀sì tó dé lẹ́yìn yín ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀?"

Wọ́n mi orí. Àwọn káàdì ti wọ yàrá ẹrù láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó sọ fáwọn ọmọ tuntun, nítorí kò sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọmọlúàbí. Àbọ̀ tó bá wọ inú ẹ̀, àbọ̀ náà ló máa wà níbẹ̀. Mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo ka àwọn ìlà tó ní àmì náà. 1,308. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dé ogójì, ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí wọn.

Ìlà Màmá wà nínú wọn.

Ìṣẹ́gun, 18

Mo bi Màmá kí wọ́n tó wẹ̀. "Yàtọ̀ sí oògùn mẹ́ta wọ̀nyí, èwo ló tún wà tí ara yín kọ̀?"

"Èmi kì í mọ orúkọ wọn. Ohun tí wọ́n fojú mi rí ni mo mọ̀. Jókòó kí n bẹ̀rẹ̀ látibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Òjò ńlá kan..."

"Orúkọ ẹ̀ nìkan, Màmá. Mo ti pẹ́."

Wọ́n gbé tówẹ̀lì wọn kọ́ èjìká. "Lọ síbi iṣẹ́ ẹ, ìwọ tí o kì í pẹ́."

Kò burú. Káàdì á sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 20

Ọjọ́ méjì ni mo fi wá a. Yàrá ẹrù gbóná, eruku ibẹ̀ ti wọ imú mi dé ọpọlọ. Ìyá Wọ́ọ̀dù wá bá mi lẹ́yìn iṣẹ́ wọn, kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń ṣí káàdì. Lẹ́yìn wákàtí kan wọ́n ní, "Ó yẹ kí n ti sọ ọ́." Mo ní ó yẹ kí èmi náà ti béèrè.

Àwọn ló rí i. Káàdì Màmá, orúkọ wọn gbangba gbàǹgbà lórí ẹ̀, àti déètì: ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Òrùlé ibẹ̀ ti ń jò, omi ti kan ìsàlẹ̀ àpótí. Ìlà kìíní, ìkejì, ìkẹta dúró. Ìlà kẹrin ti di àbàwọ́n búlúù. Mo gbé e sún mọ́ iná, mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Ó ku ọjọ́ méje. Ẹ̀rù ń bà mí.

Àìkú, 23

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá dúró sẹ́yìn mi, wọ́n ń mí sí mi lọ́rùn. Mo ti ṣe ẹ̀dà gbogbo ẹ̀ pa mọ́ síbi méjì. Ó dé ìṣẹ́jú ogójì, ó dé mọ́kànlélógójì, ẹ̀rọ ò dáhùn. Méjìlélógójì. Ọ̀gá ní, "Ṣé kò ti kú báyìí?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ẹ̀. Ìṣẹ́jú kẹtàlélógójì ló parí. Mo ka iye aláìsàn kó tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn ẹ̀: ẹyọ kan ò sọnù.

Ìyá Wọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ lò ó. Wọ́n jókòó, wọ́n fi ìka méjì tẹ oògùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ọkùnrin wọn yẹn, wọ́n kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe fún un, wọ́n pa á dé, wọ́n tún un ṣí. Gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n padà sí wọ́ọ̀dù.

Ó yẹ kí inú mi dùn ju báyìí lọ. Mo ti fẹ àyè fún ìyá gbogbo ayé, mi ò sì mọ ohun tí mo máa kọ síbi tìyá mi.

Ìṣẹ́gun, 25

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní bóyá wọ́n rántí oògùn kan tó ṣe Màmá ní nǹkan nígbà tí wọ́n bí mi.

"Ṣé o ò mọ̀ ọ́n ni? Ṣebí ìtàn tí Màmá ń sọ fún ọ láti kékeré nìyẹn. Ìwọ ni o kì í jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀."

Mo gba ààyè níbi iṣẹ́. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo délé. Màmá ń ká aṣọ gbígbẹ. Mo gbé àpótí ìjókòó sún mọ́ wọn, mo ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ bẹ̀rẹ̀ látibi òjò."

Wọ́n fi aṣọ ọwọ́ wọn sílẹ̀.

Òjò náà pọ̀ débi pé bàbá mi gbé bàtà kọ́rùn. Agbẹ̀bí kan wà, obìnrin kúkúrú, ó máa ń kọrin lábẹ́ imú. Orí mi tóbi, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ, ó sì fa ara wọn ya. Agbẹ̀bí fẹ́ rán ibẹ̀, ló bá gún wọn ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ibi tí wọ́n fẹ́ rán kú. Kó tó fi òwú sójú abẹ́rẹ́ tó kàn, ahọ́n Màmá ti kún ẹnu wọn, ọ̀fun wọn ti dí.

"Mò ń gbọ́ igbe ẹ," ni wọ́n wí, "àmọ́ ó dà bíi pé ilé kejì lo wà. Mo ní háà, ọmọ yìí ò ní mọ ojú mi."

Mi ò dá sí i.

Dókítà kan sáré dé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Abẹ́rẹ́ òmíràn ló dá wọn padà. Dókítà rán wọn láìpa ibẹ̀ kú, Màmá di ọwọ́ agbẹ̀bí mú títí ó fi tán. Agbẹ̀bí wá kọ ọ́ sórí káàdì, ó sì sọ fún wọn pé bébà lè sọnù, pé kí wọ́n rí i pé ẹni tó bá sún mọ́ wọn jù lọ mọ̀ ọ́n.

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ fún ọ. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń sọ ọ́."

Mo sunkún. Mi ò rí ọ̀rọ̀ tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ láti kọ síbí. Mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín aṣọ gbígbẹ, mo tọrọ àforíjì.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Òótọ́ lo sọ, ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Agbọ̀n tìẹ ló kéré jù."

Mo padà síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Apoògùn gbọ́ ìtàn náà, ó sọ orúkọ abẹ́rẹ́ yẹn fún mi lẹ́sẹ̀ kan náà. Mo ní kó pè é fún mi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo pa àmì àròpọ̀ rẹ́. Mo kọ orúkọ náà, mo kọ ahọ́n, mo kọ ọ̀fun, mo kọ ọdún náà.

Ọjọ́bọ̀, 27

Ojúmọ́ dáa, òjò ò rọ̀. Dókítà ojú ṣí ìlà Màmá kí wọ́n tó gbé wọn wọlé. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo rí ojú ẹ̀ bó ṣe ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń parí tẹ́lẹ̀, tó ń bá a lọ. Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì tó wà nídìí tábìlì irin.

"Gbé abẹ́rẹ́ yẹn kúrò."

Ó ti wà nínú àwo. Wọ́n ti fà á sókè, ojú Màmá ni wọ́n tọ́jú ẹ̀ dè.

Wọ́n fi oògùn oorun ṣe iṣẹ́ náà dípò ẹ̀. Aago méjìlá ni Màmá jí, òwú funfun bo ojú kan. Ìyá Wọ́ọ̀dù ti wá wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Nínú àwọn 1,308, àwa méjèèjì ti pe ọgọ́rin, a máa tẹ̀ síwájú lọ́la. Ní báyìí tí ẹnì kan bá gbé fóònù, mi ò bi í ní orúkọ oògùn mọ́. Mo máa ń ní kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Màmá na ọwọ́, wọ́n ń wá mi lórí ibùsùn. Mo fi ọwọ́ mi sí i.

"Ṣé ibẹ̀ gba gbogbo ẹ̀?"

"Ó gbà á, Màmá. Àyè tún ṣẹ́ kù."

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Mi ò tíì sọ ti bàtà bàbá ẹ tán."

Mo fa àga sún mọ́ ibùsùn, mo sì pa fóònù mi.